Èsì lórí gluten: mo fara mọ́ «àtè àlìkámà»

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa obìnrin tó ń gbé ní Wales ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń fi Yorùbá kọ bí wọ́n ṣe ń yan bara brith, kéèkì eléso ti ilẹ̀ Wales, fún ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Ọmọ náà ní àrùn celiac, gluten, ìyẹn èròjà purotéènì inú àlìkámà àti àwọn ọkà kan, ló sì ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Kí ni ká pe gluten? Ẹnì kan ní kó kọ «kéèkì aláìní-àlìkámà». Ẹ̀gbọ́n wa kan mú «asoyẹ̀funpọ̀» wá.

Ti àkọ́kọ́ yẹn léwu. Gluten wà nínú àlìkámà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú bálì àti ráì, irú ọkà méjì mìíràn, pẹ̀lú. Bí ìyá bá fi ìyẹ̀fun bálì rọ́pò, kò rú òfin kankan nínú ohun tí a kọ fún un, inú yóò sì tún máa run ọmọ. Ní Britain, kí wọ́n tó kọ ọ́ sára oúnjẹ pé kò ní gluten, èyí tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan. Gluten fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọ̀n àlìkámà.

Ti ẹ̀gbọ́n wa dùn létí, ó sì sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń yan kéèkì tí kò ní gluten sábà máa ń fi xanthan gum, èròjà lẹ́búlẹ́bú kan tó ń mú nǹkan ki, díẹ̀ sí i kó má bàa fọ́ wúruwùru. Kí ni iṣẹ́ ìyẹn bí kò ṣe pé kó so ìyẹ̀fun pọ̀?

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan nǹkan náà. Ẹ fi omi po ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹ gún un dáadáa, kí ẹ wá máa fọ̀ ọ́ nínú omi títí omi yóò fi mọ́. Sítáàṣì á ṣàn lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á máa fà, á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹni tó bá gbé oko rí mọ orúkọ rẹ̀: àtè ni, bí oje igi tí a fi ń mú ẹyẹ. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti pákí kò ní ṣẹ́ irú rẹ̀ kù. Àwọn tó sọ ọ́ ní gluten pàápàá, orúkọ tí èdè Látìn ń pe ohun tó ń lẹ̀ ni wọ́n yá.

Mi ò fẹ́ «àtè ọkà», nítorí yóò lé ọmọ náà nídìí ògì bàbà, bẹ́ẹ̀ ọkà bàbà kò ní gluten. Ẹ lè bi mí pé ṣé «àtè àlìkámà» kò ní ṣi ìyá lọ́nà bíi ti àkọ́kọ́? Bí mo bá ní «àlìkámà wà nínú bálì», irọ́ ni. Bí mo bá ní «àtè àlìkámà wà nínú bálì», ó yéni, òótọ́ sì ni.

Ẹ tún ṣọ́ «aláìní». Bí ìlà bá gé e sí méjì lára páálí, «kéèkì aláìní» ni ojú kọ́kọ́ rí, ìyẹn kéèkì tálákà. «Tí kò ní àtè àlìkámà» tẹ́ mi lọ́rùn.

Àbúrò, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé: «Rẹ èso gbígbẹ àti ṣúgà sínú tíì tó le di ọjọ́ kejì. Po ẹyin kan àti ìyẹ̀fun tí kò ní àtè àlìkámà mọ́ ọn. Jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20 kí ìyẹ̀fun ìrẹsì inú rẹ̀ lè mu omi, kó tó wọ ààrò.»

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣì di asoyẹ̀funpọ̀ mú, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ó wá pe xanthan gum?