Oògùn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n fún ọmọ mi, tí wọn kò fún àbúrò mi

Ìyá Ìrètí:
Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 28 ni omi ọmọ tú lójijì. Wọ́n sáré gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ló wà fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí n gbà á, kí wákàtí 24 wà láàárín wọn. Ọmọ kò dúró de ìkejì.

Ó ké nígbà tó jáde, ọkàn mi sì balẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí abẹ́ ìhà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọlé bó bá ti mí sínú, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ó sì ń kùn. Mo rò pé ẹkún ni. Dókítà ní rárá, ìkùn yẹn ló fi ń dá afẹ́fẹ́ dúró nínú, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má baà lẹ̀ pọ̀.

Ó ní inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tutù, omi a sì máa fà wọ́n mọ́ra, bí náílọ́ọ̀nù tí omi kàn ṣe ń lẹ̀ pinpin. Surfactant, tó jẹ́ ọ̀rá àti purotéènì díẹ̀, ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 35 kí ọmọ inú oyún tó ní i dáadáa.

Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, wọ́n sì fi síríńjì ti oògùn funfun bíi wàrà wọlé. Ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde, mílígíráàmù 200 fún kílò kan. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa wo nọ́ńbà ọ́síjìn tí wọ́n ń fún un lára ẹ̀rọ. 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì ṣe àmín tí wọ́n fi ń dín in kù: 50, 40, 30. Ìrètí ti pé ọdún mẹ́fà.

Lọ́dún tó kọjá, òtútù àyà ba ẹ̀dọ̀fóró àbúrò mi ọkùnrin jẹ́. ARDS ni wọ́n pè é, ìyẹn ọgbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jẹ́ kí ọ́síjìn wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní oògùn Ìrètí. Wọ́n ní kò ní ṣe é láǹfààní. Ó kú. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Ìrètí, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ti tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, àwọn àgbà ni mò ń tọ́jú báyìí, èmi náà sì ti béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí.

Surfactant ni ọmọ yín kò ní. Wọ́n fún un, ó tó. Ọgbẹ́ ni ti àbúrò yín. Ògiri àpò afẹ́fẹ́ ti ya, omi tó kún fún purotéènì ti ṣàn wọ inú rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀, omi yẹn a sì máa ba surfactant tí a bá fi sí i jẹ́. Wọ́n dán an wò o. Lọ́dún 1996, wọ́n fún àwọn àgbà ní ti fífà símú, nínú ìwádìí tí aláìsàn 725 wà. Kò gba ẹ̀mí kankan là. Lọ́dún 2004, wọ́n dán oríṣi mìíràn wò: ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ gòkè ní ọjọ́ kìíní, àwọn tó kú kò dín. Wọn kò fi oògùn du àbúrò yín.

Bàbá Káyọ̀dé:
Ẹ̀gbọ́n, irú àìsàn àbúrò yín ló ṣe mí. Ọjọ́ 19 ni mo lò lórí ẹ̀rọ. Ìyàwó mi ní èémí kékeré-kékeré ni wọ́n ń fún mi, mílílítà bíi 6 fún kílò kan, nítorí pé èémí ńlá a máa dá kún ọgbẹ́ náà. Wọ́n á sì dojú mi délẹ̀ fún wákàtí 16 lójúmọ́, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè dé ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró. Ó lé ní oṣù mẹ́rin kí n tó lè gun àtẹ̀gùn láìdúró.

Ìyá Ìrètí:
Wọ́n dojú àbúrò mi náà délẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí lọ́jọ́ tí mo wọlé kẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n ti pa á tì ni, mo sì pariwo lé nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lórí. Ó kàn fà mí lọ́wọ́, ó gbé e lé àbúrò mi léjìká.