Wọ́n ní ọmọ mi kò yẹ fún owó PIP: báwo ni a ṣe lè tako ìpinnu náà?

Ìyá Ọkùnrin, Thamesmead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń bi yín ní ìbéèrè yìí nípa PIP, owó tí ìjọba UK ń fún ẹni tí àìsàn tàbí àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń dà láàmú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, n kò sì fẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa kọjá kí n tó mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe.

Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 26, ní àrùn ẹ̀jẹ̀ SS, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Láti nǹkan bí ọdún 3 sẹ́yìn ni àrùn náà ti ba egungun ìgbáròkó rẹ̀ ọ̀tún jẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ọ̀pá ni ó sì fi ń rìn. Èmi ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọdá etí ọpọ́n ìwẹ̀ láràárọ̀: n ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, n ó fi ọwọ́ kejì gbé orúnkún rẹ̀, òun náà yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin ara ògiri mú. Èmi ni mo máa ń bá a wọ ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀. Oògùn ìrora rẹ̀ máa ń kùn ún lóorun débi pé, bí n kò bá rán an létí, kò ní í rántí èyí tí ó kàn. Kò lè ro àmàlà mọ́, orógùn a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 16 lọ́sẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé.

Wọ́n pè é fún àyẹ̀wò lójúkojú. Mo bá a lọ, ṣùgbọ́n mo dúró síta nítorí pé ó ní òun ti di ọkùnrin. Lẹ́tà ti wá dé báyìí: máàkì 4 ní apá ìgbé-ayé ojoojúmọ́, máàkì 4 ní apá rírìn, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni gbólóhùn kan tí ó sọ pé nígbà tí wọ́n bi í bí ara rẹ̀ ti rí, ó dáhùn pé ara òun le, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ ọ láti kékeré. Ta ni nínú wa tí ń dáhùn pé ara òun kò le?

Ẹnì kan nínú ìjọ wa ní kí a fi í sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ yóò pàdánù èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní òun kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè tako ìpinnu yìí? Ṣé a ní láti gba lọ́yà?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Camberwell

Ìyá wa, ẹ kú ìrójú, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ o. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ kan ní gúúsù London kí n tó fẹ̀yìn tì, gbólóhùn tí ẹ kà nínú lẹ́tà yẹn, mo ti kà á nínú ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Lẹ́nu tiwa, ìkíni ni “ara le, a dúpẹ́”. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán pàápàá yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ó tó ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe é, nítorí pé a kò fẹ́ fi ẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ ara wa. Olùyẹ̀wò tí kò mọ àṣà yìí kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ ṣàlàyé èyí gan-an nínú lẹ́tà yín, ẹ má tijú.

Ní ti iṣẹ́, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín ṣì í mọ̀. PIP kò ka iye tí ènìyàn ń gbà, kò sì sọ pé kí ènìyàn má ṣiṣẹ́. Wọ́n lè fi iṣẹ́ náà ṣe ẹ̀rí pé ó lè jókòó kí ó sì tẹ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n jíjókòó ṣiṣẹ́ nínú ilé kò sọ ohunkóhun nípa bí ó ṣe ń wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀. Orúkọ àìsàn pàápàá kọ́ ni wọ́n ń san owó lé lórí. Nǹkan 12 ni òfin ní kí wọ́n wò, 10 nípa ìgbé-ayé ojoojúmọ́ àti 2 nípa rírìn àti ìrìnàjò. Ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá ní máàkì 8 gba owó kékeré, ẹni tí ó bá ní 12 gba owó ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ fún wa. Bóyá 2 fún oúnjẹ sísè àti 2 fún ìwẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ di 4 náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú lẹ́tà. Fún ìwẹ̀, 2 ni ti ẹni tí ohun èlò bí irin ara ògiri tó fún, ṣùgbọ́n 3 ni ti ẹni tí kò lè wọ inú ọpọ́n tàbí kí ó jáde láìsí ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò ràn án lọ́wọ́, ohun tí ẹ sì ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn. Ẹni tí a ń bá wọ aṣọ ìsàlẹ̀ gba 2. Oògùn tí ẹ ń rán an létí rẹ̀ jẹ́ 1. Bí 2 ti oúnjẹ bá dúró, ó di 8. Ní ti rírìn, máàkì 4 túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé ó lè rìn kọjá 50 mítà. Bí kò bá lè kọjá 50 mítà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, 10 ni. Bí kò bá lè kọjá 20 mítà, 12 ni.

Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń yí padà ni ìlànà kẹrin nínú àwọn ìlànà PIP ti ọdún 2013. Ó ní a kò gbọdọ̀ sọ pé ènìyàn lè ṣe nǹkan àfi bí ó bá lè ṣe é láìséwu, kí ó ṣe é dáadáa, kí ó lè tún un ṣe ní iye ìgbà tí ó yẹ, kí ó má sì lò ju ìlọ́po méjì àkókò tí ó pọ̀ jù tí ẹni tí kò ní irú àìlera bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá tilẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì olùyẹ̀wò, ìbéèrè kò tíì tán. Ìgbà mélòó ni ó dúró lọ́nà? Báwo ni ìrora rẹ̀ ti pọ̀ tó nígbà tí ó dé? Ṣé ó lè tún un rìn lẹ́yìn wákàtí kan?

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ní kí DWP, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó owó yìí, tún ìpinnu náà gbé yẹ̀wò, èyí tí wọ́n ń pè ní Mandatory Reconsideration. Oṣù kan ni ẹ ní, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ lè fi fóònù béèrè, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ tún kọ ọ́, bóyá lórí fọ́ọ̀mù CRMR1, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ yín ni yóò buwọ́ lù ú, nítorí pé ó ti dàgbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìjábọ̀ olùyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá pẹ́ tí ó sì ní ìdí gúnmọ́ ṣì lè béèrè títí di oṣù 13, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù kan mìíràn ni ẹ ní láti gbé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ sí First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ tí kò sí lábẹ́ DWP. Ọ̀fẹ́ ni, kò pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà. Citizens Advice tàbí ilé ìmọ̀ràn àdúgbò yín lè bá yín kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi èdè Yorùbá jẹ́rìí, ẹ lè béèrè fún ògbufọ̀ láìsan nǹkan kan.

Ní ti ìbẹ̀rù ẹni ìjọ yín, òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: gbogbo ìpinnu náà ni wọ́n lè tún wò, nítorí náà ẹni tí wọ́n ti fún ní apá kan ní láti gba ìmọ̀ràn kí ó tó béèrè. Ọmọ yín kò wà nínú irú wọn. Wọn kò fún un ní nǹkan kan tí wọ́n lè gbà padà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. SS ni èmi náà, mo sì ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Àtúngbéyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò mú nǹkan kan wá fún mi. Ìdáhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tẹ́lẹ̀ mu gbólóhùn sí gbólóhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sílé. Ẹ má padà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀, wọ́n fún DWP ní ọjọ́ 28 láti fèsì, ìdìpọ̀ ìwé ńlá kan sì dé ilé mi tí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa mi wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n tó pè mí. Bí ara ọmọ yín bá gbà á, kí ó yan ìgbẹ́jọ́ tí wọn yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ lójúkojú tàbí lórí fóònù, dípò èyí tí wọn yóò kàn ka ìwé nìkan.

Ènìyàn 3 ni wọ́n jókòó: adájọ́, dókítà, àti ẹnì kan tí ó mọ ìgbé-ayé àkàndá ẹ̀dá dáadáa. Dókítà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ó ní láti ibi tí takisí ti já mi sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ìgbà mélòó ni mo dúró? Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní kí ni mo fara tì? Mo ní nígbà àkọ́kọ́, mo fara ti ọkọ̀ tí ẹnì kan gbé sílẹ̀. Nígbà kejì, mo di irin ẹ̀bá ọ̀nà mú. Nígbà kẹta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 10 ni wọ́n fún mi lórí rírìn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun kan tí ó máa ń ṣe àwa tí a ní SS. Kíráísì, ìyẹn ìgbà tí ìrora ńlá bá dé lójijì, ni a máa ń ròyìn, nítorí pé òun ni ó ń gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n òfin ń béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ju ìdajì lọ láàárín oṣù 12. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ kíráísì nìkan, wọn yóò ka ọjọ́ tí ó lò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọn yóò sì gbà pé gbogbo ọjọ́ yòókù dára. Ọjọ́ yòókù wọ̀nyẹn gan-an ni kí ó kọ sílẹ̀. Èyí ni mo kọ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan: “Aago 5, ìrora jí mi. Aago 7, mo gbé omi díẹ̀ kaná, ọwọ́ mi kò gbé ìkòkò náà sọ̀, mo pa iná, mo padà lọ dùbúlẹ̀. Aago 11 ni mo tó jẹun.” Kò sí kíráísì lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò, Birmingham

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú. Lẹ́tà ilé ìwòsàn tí ó kàn sọ pé ó ní SS kò ní í ṣe yín láǹfààní púpọ̀, nítorí pé DWP kò jiyàn ìyẹn. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ ọ́n jù ní kílíníìkì ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè pàtó: báwo ni egungun ìgbáròkó náà ti bàjẹ́ tó nínú àwòrán tí wọ́n yà, mítà mélòó ni ó lè rìn kí ó tó dúró, kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí i bí ó bá dá wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀? Bí ilé dókítà yín bá bu owó lé lẹ́tà, ọmọ yín lè béèrè fún ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmàlà ṣe àpẹẹrẹ. Oúnjẹ tí ó rọrùn láti sè fún ẹnì kan ni òfin ń sọ, tí a fi èròjà tútù sè lórí ààrò tí kò rẹlẹ̀ ju ìbàdí lọ. Ẹ sọ bí ó ṣe ń bó ọ̀dùnkún, bí ó ṣe ń gbé ìkòkò, bí ó ti lè dúró pẹ́ tó.

Ará Glasgow

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí kún un fún àwọn tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí ní Scotland: láti ọdún 2022, Adult Disability Payment ni ó ń rọ́pò PIP lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ 42 ni a sì ní láti béèrè pé kí wọ́n tún ìpinnu ṣe. Ẹni tí físà rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba ní láti kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, nítorí pé PIP wà lára owó náà.

Ìyá Ọkùnrin, Thamesmead

Ọlọ́run yóò gbọ́ tiyín o. Mo ka èsì yín fún ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ pè wọ́n. Ìjábọ̀ ti dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó rìn láti yàrá ìdúró “láìsí ìnira tí ó hàn”. Mo mú téèpù àwọn aránṣọ, a sì wọn ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí báàsì ń dúró sí: 44 mítà. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì. Láti àná ni ó ti ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni ó kù: ṣé wọn yóò ka ohun tí ó kọ lẹ́yìn tí ìpinnu ti wáyé sí ẹ̀rí?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Camberwell

Wọn yóò kà á sí, Ìyá, bí ó bá ń sọ nípa ipò tí ó wà nígbà tí wọ́n ṣe ìpinnu náà, nítorí pé ọjọ́ ìpinnu ni ìgbìmọ̀ yóò máa wò bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ó kọ ọ́ sí òkè ojú ìwé àkọ́kọ́ pé bí òun ti rí lóṣù tí wọ́n ṣe ìpinnu nìyí, kò yàtọ̀. Kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó buwọ́ lù ú. Ẹ fi ìwọ̀n 44 mítà náà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà tí ìwé náà yóò kún: ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ nínú rẹ̀ pé ẹ̀rí mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.