Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ACPI ni àbùlẹ̀

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá wa tó ń kó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ dábàá pé kí a máa pe àtúnṣe èyíkéyìí tí a bá ṣe sí àkọsílẹ̀ ACPI, èyí tí fámúwíà (ètò tó wà nínú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀) fi ń ṣàlàyé ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ní "àbùlẹ̀ àtẹ". Mo gba àbùlẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ kò bo gbogbo rẹ̀. Àtẹ ni mo ta kò.

Ohun tó ní ìlà àti òpó là ń pè ní àtẹ nínú ìwé ìṣirò. MADT, tó ń to àwọn pùrósẹ́sọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, lè jẹ́ àtẹ. DSDT, olórí àkọsílẹ̀ ACPI, kò jọ ọ́ rárá: lẹ́yìn báìtì 36 tó jẹ́ orí rẹ̀, àṣẹ tí wọ́n kọ ní AML, èdè àṣẹ ACPI, ló kún inú rẹ̀, kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ọkàn Linux, á sì máa ṣe é bó ṣe ń kà á. _STA, àṣẹ tó ń sọ ipò ẹ̀yà, fún àpẹẹrẹ, máa ń dá 0x0F padà bí ẹ̀yà kan bá wà tó sì ń ṣiṣẹ́, á dá òdo padà bí kò bá sí. "Àkọsílẹ̀ ẹ̀yà" sàn jù.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà gan-an. Ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà nítòsí OAU, ó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ I2C, wáyà tí ẹ̀yà kéékèèké fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, Linux kò sì rí i. Ohun orí PCI tàbí USB máa ń dárúkọ ara rẹ̀. Ti I2C kì í dárúkọ, àfi kí àkọsílẹ̀ ti sọ àdírẹ́sì rẹ̀ ṣáájú. Ẹni náà lè kọ SSDT (àkọsílẹ̀ àfikún sí DSDT) kékeré tó dárúkọ sẹ́ńsọ̀ náà nìkan. Bí ẹni rán ègé mọ́ ojú ibi tí aṣọ ti ya ni: DSDT ti ilé-iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́. Àbùlẹ̀ nìyẹn.

Ó sì lè yọ DSDT látinú /sys/firmware/acpi/tables, kó fi "iasl -d" (iasl ni irinṣẹ́ tó ń tú AML, tó sì ń dì í) tú u, kó tún un kọ, kó fi iasl dì í padà, kó sì fi odindi rẹ̀ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ìpààrọ̀ nìyí, ewu rẹ̀ sì pọ̀. Àdírẹ́sì mẹ́mòrì tí BIOS (fámúwíà náà) yàn wà nínú OperationRegion, ibi tí DSDT ti ń tọ́ka sí mẹ́mòrì; bí BIOS tuntun bá yí wọn padà, DSDT àtijọ́ á ṣì máa tọ́ka sí ibi tí kò sí mọ́, ẹ̀rọ lè sùn kó má jí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé àbùlẹ̀ lásán ló ṣe kò ní ronú kan èyí.

Kẹ́nẹ́ẹ̀lì pàápàá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé: ẹ kó fáìlì .aml sínú kernel/firmware/acpi, ẹ fi cpio (irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì pọ̀) irú newc dì í láìfún un pọ̀, kó sì ṣáájú initrd, àpò fáìlì tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ń lò bó bá ń dìde. CONFIG_ACPI_TABLE_UPGRADE gbọ́dọ̀ wà nínú ètò kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Bí Secure Boot (ààbò tó ń ṣọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dìde) bá ti kẹ́nẹ́ẹ̀lì pa, kò ní gbà á. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni OEM Table ID, orúkọ tó wà ní orí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bá èyí tó wà tẹ́lẹ̀ mu, ìpààrọ̀ ni, nọ́ńbà OEM Revision sì gbọ́dọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì á fojú fò ó. SSDT tó ní ID tirẹ̀ á kàn kún àwọn yòókù.

Ìkẹta ni èyí tí OpenCore, ètò tó ń gbé macOS dìde, ń ṣe: ó ń wá báìtì kan, ó ń fi òmíràn tí gígùn wọn dọ́gba rọ́pò rẹ̀, bíi kí _OSI, àṣẹ tó ń béèrè irú ètò tó ń ṣiṣẹ́, di XOSI. Mo dábàá "ìyíbáìtì" fún un. Kò dá dúró: bí kò bá sí SSDT tó ní XOSI, àṣẹ á máa pe ohun tí kò sí.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fi dmesg, àṣẹ tó ń fi ìròyìn kẹ́nẹ́ẹ̀lì hàn, wo "Table Upgrade". Bí install bá tẹ̀lé e, àbùlẹ̀ ni; bó bá jẹ́ override, ìpààrọ̀ ni.