"Ajá abániwọ̀nà" ni mo fara mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìjerò ní ká máa pe ajá tí wọ́n kọ́ láti ran afọ́jú lọ́wọ́ ní "ajá ìránṣẹ́". Àbúrò wa kan ní "ajá amọ̀nà" ló dáa jù. Ẹ jọ̀wọ́, n ò fara mọ́ méjèèjì.

Ìránṣẹ́ ni ẹni tá a rán, tó lọ, tó sì bọ̀. Ajá yìí kì í fi olówó rẹ̀ sílẹ̀. Ìjánu ẹ̀yìn rẹ̀ ni afọ́jú dì mú tí wọ́n jọ ń rìn. "Amọ̀nà" ló dùn mí jù, torí ṣe ló bọ́ ọgbọ́n kúrò lára afọ́jú, ó gbé e wọ ajá. Ajá ò mọ̀nà ọjà. Afọ́jú ló mọ iye ìyànà tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ibi tó ń lọ, òun ló ń sọ pé "yà sọ́tùn-ún". Ti ajá ni kó rí kòtò, òpó iná àti ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní Ọjà Ọba l'Adó, mo rí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ó ń fa bàbá afọ́jú kan lọ́pàá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni o, ilé ìwé ló yẹ kí ọmọ yẹn wà. Wọ́n dé etí gọ́tà, ọmọ dúró, ó fi ọ̀pá kan sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀. Bàbá gbẹ́sẹ̀ sókè, ó dá gọ́tà kọjá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ajá gan-an nìyẹn: kó dúró létí kòtò títí olówó rẹ̀ yóò fi fẹsẹ̀ wá a rí. Ọmọ yẹn ò mọ ibi tí bàbá ń lọ ju bàbá fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń bá a wo ọ̀nà ni.

Nítorí náà, "ajá abániwọ̀nà". Bí ẹnìkan bá ní "wọ̀nà" ni kéèyàn máa retí nǹkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "fún" ló ń tẹ̀lé ìyẹn: à ń wọ̀nà fún àlejò. Ti adití á jẹ́ "abánigbọ́", èyí tó ń fọwọ́ kan olówó rẹ̀ bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn.

Ní 1916 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Oldenburg, ní Jámánì, fún àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, a ò tíì fún un lórúkọ.

Èyí tó le jù rèé. Wọ́n ń kọ́ ajá náà láti kọ̀: bí olówó rẹ̀ bá ní "ó yá", tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, kò ní mira. Òyìnbó pè é ní àìgbọràn tó lọ́gbọ́n nínú. Ọdẹ ni bàbá mi àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ajá tó kọ̀, ó gbé. Èyí kọ̀, ó gba ẹ̀mí là. "Àìgbọràn" ò yẹ ẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ ìbáwí ni. Mo dábàá "ìkọ̀ agbanilà".

Orúkọ ajá tó ń bá ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ he kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀ ló ṣì rú mi lójú. "Abánigbé" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ ṣe ni wọ́n á kà á sí ajá tó ń bá wa gbélé lásán. Ẹ bá mi wá a.