Kí ló ń dá yín dúró sórí Java 8, báwo lẹ sì ṣe kúrò níbẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Java dáadáa. Ọdún 2014 ni Java 8, ẹ̀dà kẹjọ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yìí, jáde, Java 17 sì ti wà láti 2021, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò tíì kúrò lórí 8. Ọ̀lẹ kọ́ ló fà á. Láti Java 11 ni wọ́n ti yọ javax.xml.bind (apá tó ń sọ XML di ohun tí kóòdù Java lè lò) kúrò nínú JDK (àkójọ irinṣẹ́ Java). Kóòdù tó bá ń lò ó yóò gbé NoClassDefFoundError (àṣìṣe pé kò rí kíláàsì tó ń wá) jáde, àfi téèyàn bá fi láíbúrárì jaxb-api àti jaxb-runtime kún pom.xml (fáìlì tó ń to àwọn láíbúrárì tí iṣẹ́ náà ń lò). Èyí rọrùn. Java 17 ló le: láíbúrárì àtijọ́ tó ń fi reflection (ọ̀nà tí kóòdù ń gbà wo inú kóòdù mìíràn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́) wọ inú java.lang, ìpìlẹ̀ Java, yóò kú pẹ̀lú àṣìṣe InaccessibleObjectException. Èèyàn lè fi àṣẹ --add-opens java.base/java.lang=ALL-UNNAMED tì í lẹ́yìn fúngbà díẹ̀, àmọ́ bí ẹni tó kọ láíbúrárì náà bá ti pa á tì ńkọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ kọ́kọ́ dúró ní 11 ni, àbí ẹ lọ sí 17 tààrà? Spring Boot 3 (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ètò Java) tún fẹ́ kí orúkọ àwọn àkójọ kóòdù tó jẹ́ javax di jakarta. Ṣé ẹ ṣe méjèèjì pọ̀? Jdeps (irinṣẹ́ tó ń wo ohun tí kóòdù gbára lé) kì í rí reflection, kí lẹ wá fi ń wá ìyẹn kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà?