Àbọ̀ ọ̀rọ̀ deed tí wọ́n dá padà fún mi yẹn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì o. Mo bi yín lóṣù tó kọjá pé kí ló dé tí ọ̀gá lọ́yà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fi dá deed of assignment (ìwé tí ẹni tó ta ilẹ̀ fi ń gbé ilẹ̀ fún ẹni tó rà á) àkọ́kọ́ tí mo kọ padà láìsọ nǹkan kan, ó ti yanjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n gbé survey plan (àwòrán tó ń fi ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ hàn) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n máa fìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run á bù kún yín, ibẹ̀ gan-an ló wà: 684.5 square mítà ló wà lórí survey, èmi kọ 648.5. Èkejì, bàbá tó ta ilẹ̀ ò mọ̀wé, ìka ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, mi ò sì fi jurat sí i, ìyẹn gbólóhùn tó ń jẹ́rìí pé a ti ka ìwé náà fún wọn lédè tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Mo tún un kọ, èmi náà ni mo kà á fún bàbá ní Yorùbá, bí mo ṣe dé ibi ààlà wọ́n ní "dúró, tún ibẹ̀ yẹn kà", inú mi dùn gan-an torí ilẹ̀ wọn ni, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ẹni tó bi mí bóyá mo lè máa dá a ṣe, rárá o, Legal Practitioners Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ lọ́yà, ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó kọ ìwé ilẹ̀ fún èèyàn. Consent gómìnà, ìyẹn ìfọwọ́sí gómìnà sí títa ilẹ̀ náà, tí section 22 Land Use Act 1978 (òfin ilẹ̀ Nàìjíríà) bèèrè ló kù, a ti ń to fáìlì ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an ni.