Bọ́ílà ilé wa kú mọ́jú òní: ṣé kí n máa tẹ bọ́tìnnì reset náà lọ ni?

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn yìí o. Láti ìdájí òní ni bọ́ílà ilé wa ti dákẹ́, tí gbogbo rádíétọ̀ sì tutù rinrin. Bọ́ílà kọ́ḿbì ni, irú èyí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ilé ìdáná, tó ń mú ilé móoru tó sì tún ń gbé omi ìwẹ̀ gbígbóná jáde láìsí táńkì kankan lókè àjà. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì reset, ó ràn, iná rẹ̀ jó fún ìgbà díẹ̀, mo wá ń gbọ́ tí omi ń ró gbùdùgbùdù nínú rẹ̀ kó tó tún kú, tí ó sì gbé kóòdù (lẹ́tà àti nọ́mbà tó fi ń sọ ohun tó ṣe é) tó ti kọ láàárọ̀ sójú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló rí.

Abẹ́rẹ́ aago kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ń wọn ìfúnpá omi inú rẹ̀, dúró sí àárín 1 àti 1.5. Owó ṣì wà lórí mítà gáàsì, sítóòfù sì ń jó dáadáa. Yìnyín bo gbogbo àdúgbò wa mọ́jú. Bàbá àwọn ọmọ kò tíì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, onílé wa kò sì gbé fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà máa tẹ bọ́tìnnì náà, pé yóò gbà nígbẹ̀yìn. Ẹlòmíràn ní kí n tú páálí irin iwájú rẹ̀ kí n wo inú. Èmi kò fẹ́ fi ẹ̀mí àwọn ọmọ ṣeré. Kí ni mo lè ṣe fúnra mi, kí sì ni n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Onígáàsì, Manchester:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Iṣẹ́ bọ́ílà ni mo ń ṣe jẹun, orúkọ mi sì wà nínú ìwé Gas Safe, àkọsílẹ̀ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣe iṣẹ́ gáàsì. Kí a tó dé orí bọ́tìnnì rárá, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé kò sí òórùn gáàsì nínú ilé? Ṣé kò sí ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́ tàbí tí èébì ń gbé, tí ara rẹ̀ sì ń fúyẹ́ bó bá ti jáde síta? Ṣé aago tó ń ṣọ́ carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín, kò dún? Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá wà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti bọ́ílà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ yí ọwọ́ gáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà pa bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ má tan iná kankan, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ìgbà tí ẹ bá sì dé ìta ni kí ẹ tó pe 0800 111 999, nọ́mbà pàjáwìrì gáàsì. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń gbé e jákèjádò England, Scotland àti Wales.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ní kí ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ kò mọ ohun tó wà fún. Nígbàkígbà tí bọ́ílà bá fẹ́ ràn, yóò kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn kọjá nínú ara rẹ̀, yóò tú gáàsì díẹ̀ sílẹ̀, yóò ṣáná sí i, yóò sì máa wò bóyá iná náà mú. Bí kò bá rí iná, kíá ni yóò ti gáàsì pa kí èyí tí kò jó má baà kóra jọ, yóò sì tún gbìyànjú. Bó bá gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, yóò ti ara rẹ̀ pa pátápátá, yóò sì kọ kóòdù. Ààbò ni títì yẹn jẹ́. Bọ́tìnnì reset kì í tún nǹkan kan ṣe. Ńṣe ló ń sọ fún bọ́ílà pé kó gbàgbé ohun tó rí, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n ka ìwé tó bá bọ́ílà wọn wá, nítorí bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì náà àti bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó lábẹ́ ìka yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tún un tẹ̀ bó bá pọndandan, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn títí wọn yóò fi mọ ohun tó fà á.

Ti páálí irin iwájú, ẹ má ṣe tú u láé. Nínú àwọn bọ́ílà kan, páálí yẹn wà lára ohun tó dí ihò gbogbo tí èéfín lè gbà wọ inú ilé, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò sì ní mọ̀ bí ó bá dá a padà tí kò dí dáadáa. Òfin náà kò fi àyè gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé Gas Safe láti ṣe iṣẹ́ gáàsì nínú bọ́ílà fún ẹlòmíràn.

Ìró gbùdùgbùdù tí ẹ gbọ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe é. Láti ọdún 2005 ni òfin ilé kíkọ́ ní England àti Wales ti ní kí bọ́ílà tuntun, àfi ní ìwọ̀nba ibi díẹ̀, jẹ́ irú èyí tó ń gba ooru ara èéfín rẹ̀ padà kó tó tú u síta. Bí èéfín náà bá ti ń tutù, oru tó wà nínú rẹ̀ ń di omi, omi yẹn sì ń gba páìpù rọ́bà funfun kan jáde. Bí páìpù náà bá gba ìta kọjá ní òru tí omi ń dì, yìnyín yóò dí i, omi yóò padà sẹ́yìn sínú bọ́ílà, bọ́ílà yóò sì kú kí omi má baà bo ibi tí iná ti ń jó. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń ràn tó sì tún ń kú.

Ẹ jáde síta, ẹ wo ara ògiri tó wà lẹ́yìn bọ́ílà. Ẹ óò rí páìpù rọ́bà, funfun lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò sanra ju àtàǹpàkò lọ, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ihò ìdaminù. Ibi tó ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, tàbí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ni ó sábà máa ń dì. Ẹ po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí ẹ sì rọra máa dà á sórí páìpù náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀; omi híhó lè mú kí rọ́bà náà sán, ó sì lè ta sí yín lára. Ẹ tún lè rẹ tówẹ̀lì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ fi wé e, tàbí kí ẹ so rọ́bà omi gbígbóná tí a fi ń sùn mọ́ ọn. Bí páìpù náà bá wà lókè tí ọwọ́ yín kò tó láti orí ilẹ̀, ẹ má gun àkàbà lórí yìnyín. Ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ẹ da iyọ̀ sórí ilẹ̀ tí omi náà bá dà sí, torí kò ní pẹ́ di yìnyín, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀. Ìgbà tó bá yọ́ tán ni kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì reset.

Ẹ tún wo kóòdù náà nínú ìwé bọ́ílà kí ẹ fi jẹ́rìí. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ílà tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣe, Vaillant ń kọ F28 bí iná kò bá ràn, Ideal ń kọ L2, Worcester Bosch sì ń kọ EA. Bí omi inú rẹ̀ bá dínkù, Vaillant ń kọ F22, Ideal sì ń kọ F1.

Òṣìṣẹ́ Alẹ́, Croydon:

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Abẹ́rẹ́ tèmi ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 0.5, kò sì sí yìnyín lọ́dọ̀ wa. Ṣé èmi náà lè ṣe é fúnra mi?

Onígáàsì, Manchester:

Ẹ lè ṣe é, bí ìwé bọ́ílà yín bá gbà yín láyè. Nígbà tí ó bá tutù, àárín 1 àti 1.5 ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wà. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí páìpù kékeré kan tí wọ́n fi wáyà fàdákà hun lára, tó so omi ẹ̀rọ ilé pọ̀ mọ́ omi rádíétọ̀, tó sì ní ọwọ́ fáàfù ní orí kọ̀ọ̀kan (nínú àwọn bọ́ílà mìíràn, ọwọ́ kan ṣoṣo tàbí kọ́kọ́rọ́ oníke ló wà níbẹ̀). Ẹ rí i pé orí páìpù náà le dáadáa ní ìhà méjèèjì. Ẹ ṣí fáàfù kan tán, kí ẹ wá rọra máa ṣí èkejì. Ẹ óò gbọ́ tí omi ń ṣe ṣàà wọlé. Ẹ má gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. Bí ó bá ti kan 1.2 tàbí súnmọ́ 1.5, ẹ pa fáàfù méjèèjì, kí ẹ sì tún fọwọ́ kàn wọ́n wò bóyá wọ́n pa tán. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan ní ṣíṣí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò máa gòkè títí dé 3, fáàfù ààbò yóò ṣí, omi yóò sì máa kán láti ẹnu páìpù bàbà tó wà lára ògiri níta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ reset.

Àmọ́, bí abẹ́rẹ́ náà bá tún wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má sọ omi kíkún di iṣẹ́ òòjọ́. Ó ṣeé ṣe kí omi máa jò níbì kan, tàbí kí àpò atẹ́gùn inú bọ́ílà, tó yẹ kó máa gba omi náà mọ́ra nígbà tó bá gbóná tó sì fẹ̀, ti sọ atẹ́gùn rẹ̀ nù. Ti àpò yẹn máa ń hàn: abẹ́rẹ́ á fò lọ sókè nígbà tí ilé bá gbóná, á sì já wálẹ̀ pátápátá nígbà tó bá tutù. Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá Àgbà, Peckham:

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ gbọ́ tèmi náà. Bí ẹ bá ń dúró de oníṣẹ́, ẹ má gbé àdògán eléèédú wọnú yàrá, ẹ má sì tan sítóòfù tàbí ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì sílẹ̀ láti fi yáná. Gbogbo wa la mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti fojú àwọn ìdílé rí nílé, níbi tí wọ́n ti gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé kí wọ́n tó sùn. Afẹ́fẹ́ kan náà ni carbon monoxide tí wọ́n ń sọ yìí. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń pa kì í sì í tètè fura. Ẹ gba hítà iná mànàmáná, ẹ so ó mọ́ ojú iná ara ògiri tààrà, ẹ má so ó mọ́ ẹkitẹ́ńṣọ̀n, ẹ má sì fi aṣọ ọmọ sá lé e lórí. Kí gbogbo ẹbí kóra jọ sí yàrá kan, kí ẹ ti ilẹ̀kùn ìyókù.

Ayálégbé, Birmingham:

Ìyá Ìbejì, ẹ má pe onílé nìkan, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, kí ọjọ́ àti wákàtí lè wà lákọsílẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán kóòdù náà mọ́ ọn. Ìpín kọkànlá nínú òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 ló gbé àtúnṣe ohun tó ń mú ilé móoru àti omi gbígbóná lé onílé lọ́rùn, àdéhùn kankan kò sì lè tì í sọ́rùn yín. Òfin gáàsì ti ọdún 1998 sì ní kí ó mú oníṣẹ́ Gas Safe wá yẹ bọ́ílà wò lọ́dọọdún, kí ó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní England, ó tún gbọ́dọ̀ fi aago carbon monoxide sí yàrá tí irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀ wà. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sọ fún káńsù. Ẹnikẹ́ni tí onílé bá sì rán wá, ẹ ní kó fi káàdì Gas Safe rẹ̀ hàn yín, kí ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí. Káàdì mìíràn wà tí kò ní bọ́ílà nínú.

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Aago carbon monoxide wa kò dún, kò sì sí òórùn kankan. Mo rí páìpù náà lẹ́yìn ilé. Yìnyín dì gbagidi sí ẹnu rẹ̀, ó sì yọ sílẹ̀ sórí ihò ìdaminù. Mo fi tówẹ̀lì wé e, mo sì ń da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i títí yìnyín náà fi já bọ́, tí omi tó ti há wá ya jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ reset. Ó ti ràn, kò sì tíì kú, ìró gbùdùgbùdù náà ti lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òtútù alẹ́ òní yóò ju ti àná lọ. Ṣé yóò tún dì?

Onígáàsì, Manchester:

Ó lè dì o. Fún alẹ́ òní, ẹ má pa heating pátápátá. Ẹ dín thermostat, ohun tí a fi ń yan bí ilé yóò ṣe móoru tó, kù díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí bọ́ílà máa ràn lóòrèkóòrè, kí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè máa gba inú páìpù náà kọjá. Lọ́la, ẹ ra fóòmù tí a fi ń bo páìpù ní ìsọ̀ ohun èlò ilé, irú èyí tí òjò kò lè wọ̀, kí ẹ fi bo gbogbo ibi tó wà níta, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ óò sọ fún onílé ni pé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà jẹ́ mílímítà 21.5, kò yẹ níta. Kí oníṣẹ́ gbé e gba inú ilé lọ sí páìpù ìdaminù báàfù tàbí síǹkì, tàbí bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó fi èyí tó tó mílímítà 32 rọ́pò rẹ̀, kí ó dà gẹ̀rẹ́ dáadáa, kí ó sì fi fóòmù bò ó. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti ya àwòrán páìpù náà nígbà tó dì, ẹ fi ránṣẹ́ sí i.